Omi Tó Wọ Àga Eyín Kọ́ Ló Ń Jáde: Bí A Ṣe Ń Pa Kòkòrò Inú Rọ́bà Omi

Orí yìí wà fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́ tí ẹ ń tọ́jú àga eyín lójoojúmọ́, àti fún dókítà tó ni ilé ìtọ́jú, tí owó ń ti àpò rẹ̀ jáde. Ohun kan ṣoṣo ló dá lé: omi tó ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín lọ sí orí dìríìlì, orí skélà àti ẹnu syringe omi-òun-afẹ́fẹ́. A lè kó dìríìlì sínú autoclave. A lè fi oògùn nu àga àti iná orí rẹ̀. Inú rọ́bà ni ọwọ́ ò dé, tí ojú ò sì tó, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbàgbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rọ́bà

Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá wá pààrọ̀ rọ́bà àga tó ti lo ọdún díẹ̀, ẹ gba èyí tó gé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi abẹ là á gbọọrọ, kí ẹ fi òwú funfun nu inú rẹ̀. Bí wọn ò bá ti ń tọ́jú rẹ̀, òwú náà á gbé nǹkan yíyọ̀ kan jáde, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó dúdú. Omi tó gba orí nǹkan yìí kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà mọ́ gaara lójú, kò rùn, kò sì ní àwọ̀.

Àwọn onímọ̀ ń pe nǹkan yìí ní biofilm. Nínú orí yìí, èérí yíyọ̀ la ó máa pè é. Bakitéríà inú omi ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri rọ́bà, tí wọ́n ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń tú oje kan jáde tó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti fọ àmù rí á mọ irú ẹ̀: omi inú àmù lè tutù kó sì mọ́, síbẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ ra ògiri rẹ̀ nínú, ńṣe ni yóò máa yọ̀. Oje yẹn ni ààbò wọn. Oògùn tó lè pa bakitéríà tó ń léfòó nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà lè má ràn wọ́n níbi tí wọ́n sápamọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe kọ́ àga eyín tún bá èérí yìí lára mu. Inú rọ́bà náà kò ju mílímítà díẹ̀ lọ ní fífẹ̀, nítorí náà omi díẹ̀ ló ń fara kan ògiri púpọ̀. Omi tó wà láàárín ló ń sáré. Èyí tó fara ti ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, kò sì lágbára láti fọ nǹkan kan kúrò. Omi tún máa ń dúró sójú kan láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, àti láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ooru tiwa wá kún un. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Legionella fẹ́ràn omi tó wà láàárín 25°C sí 45°C. Omi tó ti inú táńkì ike orí òrùlé ní Ìbàdàn tàbí Èkó wá lọ́sàn-án ti wọ àárín ìwọ̀n yìí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kaná.

Ẹ̀yìn omi nìkan kọ́ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Bí dókítà bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, dìríìlì lè fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ padà sínú rọ́bà. Fáàfù kan wà tó ń dí ìfàpadà yìí, ṣùgbọ́n ó ń gbó, ó sì ń jẹ, láìsí ẹni tó máa mọ̀ àfi tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbogbo èyí ló fi yẹ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka orí yìí lọ: omi tó wọ àga kọ́ ló ń jáde. Ẹ lè fi omi tó dára jù lọ nílùú sínú ìgò, kó jẹ́ pé èyí tó kún fún kòkòrò ló máa bọ́ sẹ́nu aláìsàn.

Ǹjẹ́ ó ti pa ẹnikẹ́ni lára?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1963 ni G. C. Blake ti kọ ọ́ sínú British Dental Journal pé bakitéríà wà nínú omi tí àga eyín ń fọ́n. Lọ́dún 1987, ìwé ìròyìn kan náà tún gbé ìròyìn àwọn aláìsàn méjì tí àrùn jẹjẹrẹ ti sọ ara wọn di aláìlágbára. Lẹ́yìn ìtọ́jú eyín, egbò oníkíkẹ̀ jáde sí wọn lẹ́nu. Pseudomonas aeruginosa tí wọ́n bá nínú egbò náà wà nínú omi àga tí wọ́n lò.

Ní Ítálì, ní oṣù kejì ọdún 2011, ìyá ẹni ọdún 82 kan kú nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí Legionella fà. Wọ́n wá orísun rẹ̀ títí, wọ́n bá a nínú omi àga eyín tí wọ́n ti tọ́jú ìyá náà. Kòkòrò tó wà nínú omi náà àti èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bára mu. The Lancet gbé ìròyìn náà jáde lọ́dún 2012.

Èyí tó kan àwọn ọmọdé ló le jù. Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, àwọn ọmọ tí wọ́n gé ẹran inú eyín ọmọdé wọn ní ilé ìtọ́jú kan padà wá pẹ̀lú àgbọ̀n wíwú. Mycobacterium abscessus ló fà á, kòkòrò inú omi tó ń le koko mọ́ oògùn. Nígbà tí wọ́n yẹ omi gbogbo àga ibẹ̀ wò, iye bakitéríà inú mílílítà kan jẹ́ 91,333 ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ 500 ni òdiwọ̀n. Lọ́dún 2016, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní California, ọmọ 71 ló sì kàn. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ti rí àwọn tí eyín àgbà wọn sọnù, àwọn tí etí wọn dí, àti àwọn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní October 2022, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ilé ìtọ́jú eyín nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gbé omi bẹ́ẹ̀ mì kó má ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn ló sì ń mú ká fojú di í. Àgbàlagbà, ọmọdé, onítọ̀ọ̀gbẹ, ẹni tó ní kòkòrò HIV, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, àwọn ni kò lè rí i gbé. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀: omi tí dìríìlì àti skélà ń fọ́n wẹ́wẹ́ sáfẹ́fẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń mí in símú látàárọ̀ dalẹ́.

Iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́

Bí a bá da omi mílílítà kan sórí oúnjẹ bakitéríà, iye ojú ibi tí wọ́n bá ti hù jáde la ń pè ní CFU. Ìlànà CDC ti ọdún 2003 ní kí omi tí a fi ń ṣe iṣẹ́ eyín tí kì í ṣe iṣẹ́ abẹ má ju 500 CFU lọ nínú mílílítà kan. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà, ADA, tiẹ̀ ti ní lọ́dún 1995 pé kí á fojú sun 200. Ẹ jẹ́ kí 500 jẹ́ ògiri tí a kò gbọ́dọ̀ fò, kí ẹ sì máa lépa èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àga yín

Kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò.

1. Níbo ni omi ń gbà wọ àga? Àwọn àga kan ń fa omi tààrà láti páìpù ilé. Àwọn mìíràn ní ìgò tiwọn, tí afẹ́fẹ́ kọmpurẹ́sọ̀ ń tì. Ọ̀pọ̀ ní méjèèjì, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí a fi ń yí i láti ọ̀kan sí èkejì. Bí tiyín bá ní ìgò, ìgò ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì lẹ bọ́tìnnì náà mọ́bẹ̀ kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì yí i. Bí kò bá ní, ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ bóyá ó ṣeé fi sí i. Láìsí ìgò, ó ṣòro láti rí ibi da oògùn sí.

2. Omi kọ́ọ̀bù ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ àga, omi tí aláìsàn fi ń yọ́nu àti èyí tó ń fọ báńsìnnì ń gba ọ̀nà tirẹ̀, kò dé inú ìgò rárá. Oògùn tí ẹ fi sínú ìgò kò kàn án. Ẹ pa omi kọ́ọ̀bù yẹn tì, kí ẹ máa bu omi mímu tó dára sí kọ́ọ̀bù láti ibòmíràn.

3. Ṣé fáàfù tó ń dí ìfàpadà wà, ṣé ó sì ń ṣiṣẹ́? Ẹ ní kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ yẹ ẹ́ wò nígbàkigbà tó bá wá ṣe sáfíìsì.

4. Ibo ni ìwé àga náà wà? Inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ oògùn tó gbà láyè. Oògùn tí àga kan ń lò lè jẹ irin inú òmíràn. Bí ìwé bá ti sọnù, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Omi wo la ó máa lò?

Omi kànga ẹ̀rọ, ìyẹn borehole, ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú wa ń lò. Kò ní klorí-ìnì kankan nínú àfi tí ẹnì kan bá fi sí i, ó sì máa ń ní irin tàbí òkúta tó lè dí ojú ihò kékeré orí dìríìlì. Ó dára fún fífọ ilẹ̀. Kò dára fún inú ìgò.

Pure water tó ní nọ́ńbà NAFDAC ṣeé mu, ṣùgbọ́n ṣíṣeé mu yàtọ̀ sí àìní kòkòrò rárá. Bí òun lẹ bá ní, ẹ lè fi sínú ìgò tí oògùn bá wà nínú rẹ̀. Omi ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó jẹ́. Èyí tó ti jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi í sílẹ̀.

Omi tí a fi ẹ̀rọ sè kó di ooru kó tó tún di omi, irú èyí tí a ń lò fún autoclave, ló dára jù, nítorí kò ní òkúta. Ẹ rántí pé kété tó bá ti wọ inú kẹ́ẹ̀gì, kòkòrò lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì yẹn gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa gbẹ ẹ́.

Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì ń tà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ènìyàn. Bó ti wù kí ó mọ́ tó, ẹnikẹ́ni ò ṣe é fún ẹnu.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Láàárọ̀, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó jókòó:

Ẹ fọ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ẹ da omi tuntun sínú ìgò, kí ẹ sì fi oògùn rẹ̀ sí i bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ọ̀pá tín-ín-rín tó ń wọ inú ìgò, ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó kan orí tábìlì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: ẹni tó ṣe gbogbo nǹkan dáadáa á ṣí ìgò, á gbé e sílẹ̀, á fi ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di fóònù mú tọ́ ọ̀pá náà sínú ìgò, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kòkòrò síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn látinú okùn kọ̀ọ̀kan, dìríìlì, skélà àti syringe, fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ darí rẹ̀ sínú báńsìnnì tàbí sẹ́nu ọ̀pá tó ń fa omi, kó má baà fọ́n káàkiri, kí ẹ sì ní ìbòmú lẹ́nu.

Láàárín aláìsàn kan sí èkejì:

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun tó wọ ẹnu ẹni tó dìde fọ́n omi àti afẹ́fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, kí ẹ tó tú u lọ sínú autoclave. Itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó lè ti fà padà lèyí wà fún.

Nígbà tí a bá ń tilẹ̀kùn:

Ẹ tún jẹ́ kí omi ṣàn. Lẹ́yìn náà ẹ tú ìgò kúrò, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ gbé ìgò òfìfo padà síbi rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lé omi tó ṣẹ́ kù jáde títí rọ́bà yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ tún tú ìgò náà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ní kí á fi wọ́n sílẹ̀ nínú rọ́bà di àárọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé oògùn bá wí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ló ń jẹ́ kí omi ṣàn bẹ́ẹ̀ nìkan, láìsí oògùn, tí ọkàn wọn á sì balẹ̀. Kò tó. Omi ṣíṣàn ń lé kòkòrò tó ń léfòó jáde, ó sì ń dín in kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èérí yíyọ̀ tó wà lára ògiri kò mira. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò sínú omi. Ìdí nìyẹn tí oògùn fi gbọ́dọ̀ wà.

Oògùn tó ń gbé inú omi

Oògùn oríṣi méjì ló wà, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni èyí tó máa ń wà nínú omi ní gbogbo ìgbà, díẹ̀díẹ̀, tí omi ọ̀hún yóò ṣì ṣeé fọ́n sẹ́nu aláìsàn. Ó máa ń jẹ́ oògùn oníhóró tí a ń jù sínú ìgò, tàbí olómi tí a ń kán sí i. Fàdákà wà nínú òmíràn, ohun tó ń tú klorí-ìnì tàbí hydrogen peroxide jáde wà nínú òmíràn. Irú kan tún wà tó jẹ́ ọ̀pá oníhò, tí a fi ń rọ́pò ọ̀pá inú ìgò, tó ń tú ayodíìnì jáde fún oṣù púpọ̀.

Ìwọ̀n ni àṣìṣe ti ń wọlé. Oníhóró tí wọ́n ṣe fún ìgò lítà 2 yóò lágbára jù nínú ìgò mílílítà 700. Èyí tí wọ́n ṣe fún mílílítà 700 kò ní ran kòkòrò inú lítà 2. Ẹ fi kọ́ọ̀bù oníwọ̀n wọn ìgò yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi máákà kọ iye rẹ̀ sí i lára. Ẹ má fi oògùn méjì pọ̀ mọ́ra. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ó ń dí ìlẹ̀mọ́ sìmẹ́ǹtì eyín lọ́wọ́, kí dókítà má baà dí eyín lónìí kó bọ́ lọ́la.

Fífọ̀ alágbára

Oríṣi kejì ni oògùn líle tí a fi ń fọ rọ́bà nígbà tí kò sí aláìsàn, tí a ó sì fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá. Èyí ló ń bá èérí yíyọ̀ jà. Oògùn tí ilé iṣẹ́ àga yín dárúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ìwé àga bá gba bílíìsì láyè, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Jik láìka ẹni tó ṣe é sí, bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Lẹ́yìn aláìsàn ìkẹyìn, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú, awò ìdáàbòbo ojú àti épírọ̀ọ̀nù.
2. Ẹ tú dìríìlì, orí skélà àti ẹnu syringe kúrò. Bílíìsì ń jẹ irin.
3. Ẹ pa afẹ́fẹ́ ìgò, ẹ tú ìgò, ẹ da omi àti oògùn àtẹ̀yìnwá nù, kí ẹ sì fi omi lásán ṣàn án.
4. Ẹ wo ara ike bílíìsì. Bí ó bá jẹ́ 3.5%, ẹ da mílílítà 100 rẹ̀ mọ́ omi mílílítà 600, yóò jẹ́ 0.5%. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é pẹ̀lú, nítorí ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń sọ bílíìsì di omi lásán. Ẹ má po èyí tí ẹ ó lò lọ́la sílẹ̀ lónìí.
5. Ẹ gbé ìgò padà, ẹ ṣí afẹ́fẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣàn látinú okùn kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìsì yóò fi jáde níbẹ̀. Okùn tí ẹ bá fò, inú rẹ̀ ni kòkòrò yóò ti tún gbèrú.
6. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fi sílẹ̀ di àárọ̀.
7. Ẹ da èyí tó kù nínú ìgò nù. Ẹ kún ìgò fún omi tó dára, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn tán látinú gbogbo okùn. Ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi ìwé pélébé tó ń wọn klorí-ìnì yẹ̀ ẹ́ wò. Imú nìkan kò tó, torí imú tó ti wà nínú òórùn bílíìsì láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò mọ̀ ọ́n mọ́.
8. Ẹ fi afẹ́fẹ́ gbẹ rọ́bà.

Ẹ má da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí ọṣẹ ìfọ-ilé-ìgbẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró ló máa jáde. Bí ìgbà tó yẹ kó máa wáyé ṣe pọ̀ tó, ìwé oògùn àti èsì àyẹ̀wò ni yóò sọ ọ́. Àga tí a ò tọ́jú rí lè nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí èérí tó ti pọ̀ fún ọdún mẹ́ta kò ní lọ tán lọ́jọ́ kan. Rọ́bà tó ti gbó jù, pípààrọ̀ ni kó jẹ́.

Iṣẹ́ abẹ ní omi tirẹ̀

Bí dókítà bá fẹ́ la ẹran ìdí eyín, tàbí kó gbẹ́ eegun, tàbí kó yọ eyín tó há sínú eegun, omi àga kò sí níbẹ̀ rárá, kódà bí èsì àyẹ̀wò bá jẹ́ òdo. Rọ́bà àga kò wọ autoclave, nítorí náà kò sí omi tó gba ibẹ̀ kọjá tí a lè pè ní aláìníkòkòrò. Omi iyọ̀ inú àpò dírípù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni kí ẹ lò, kí ẹ fi syringe aláìníkòkòrò tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan fà á, kí olùrànlọ́wọ́ sì máa ta á sójú iṣẹ́. Dída omi dírípù sínú ìgò àga jẹ́ ìfowóṣòfò: rọ́bà kan náà ló ń gbà.

Ìtọ́jú ẹran inú eyín ọmọdé náà gba ìṣọ́ra tó ga. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Georgia àti California fi hàn pé omi tó kún fún kòkòrò lè wọ inú eyín tó ṣí sílẹ̀, kí a sì dí i mọ́bẹ̀.

Àyẹ̀wò

Láìsí àyẹ̀wò, ìgbàgbọ́ lásán ni gbogbo ohun tí a ti ṣe. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ máa yẹ omi àga kọ̀ọ̀kan wò lóṣooṣù. Bí èsì bá dára fún oṣù méjì léra, ẹ lè sún un sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ gba omi náà nígbà tí oògùn ti pẹ́ jù nínú rọ́bà, ìyẹn kó tó di ọjọ́ fífọ̀ alágbára, kì í ṣe ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹni tó bá gba omi lẹ́yìn fífọ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ẹ gba ìgò kékeré lọ́wọ́ láàbù, èyí tó ní sodium thiosulfate nínú, tó ń pa agbára klorí-ìnì, kí oògùn má baà máa pa kòkòrò lọ lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọtí nu ẹnu okùn, ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn kọjá, kí ẹ gbà á láìjẹ́ kí ẹnu okùn kan ìgò. Ẹ kó o sínú kúlà tó ní yìnyín, kó dé láàbù láàárín wákàtí 24.

Ẹ tún bi láàbù ní ìbéèrè kan ṣoṣo: orí kí ni wọ́n fẹ́ gbìn ín sí? Láàbù ilé ìwòsàn sábà máa ń gbin kòkòrò sínú ooru 37°C fún ọjọ́ kan tàbí méjì, torí kòkòrò inú ara ènìyàn ni wọ́n ń wá. Kòkòrò inú omi lọ́ra láti hù, ó sì fẹ́ràn ibi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. R2A ni oúnjẹ tó yẹ ẹ́, fún ọjọ́ 5 sí 7, níbi tí ooru rẹ̀ ò ju ti yàrá lásán lọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀nà tí wọ́n fi ń wá kòkòrò inú ara ènìyàn yẹ omi yín wò, èsì lè wí pé kò sí nǹkan kan, kí omi sì kún fún kòkòrò.

Bí èsì bá ju 500 lọ, ẹ dá àga náà dúró. Ẹ ṣe fífọ̀ alágbára, ẹ yẹ ìwọ̀n oògùn àti fáàfù wò, ẹ bi ẹni tó ń kún ìgò bó ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn náà ẹ tún gba omi. Bí ó bá tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti pààrọ̀ rọ́bà.

Àwọn ìgbà tó gba ìṣọ́ra

Ìsinmi gígùn bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì: ẹ gbẹ rọ́bà kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ṣe fífọ̀ alágbára kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó jókòó.

Ìgbà tí iná lọ: bí kọmpurẹ́sọ̀ bá dúró lójijì, ìgò kò ní ipá mọ́, ìfàpadà sì lè wáyé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti gbé e, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kí dìríìlì tó padà sẹ́nu.

Ìgbà tí a fọ táńkì tàbí tí páìpù bẹ́ ládùúgbò: ẹrẹ̀ inú páìpù á wọ àga tó ń fa omi ilé tààrà. Bí ìjọba bá ní kí ará ìlú máa se omi kí wọ́n tó mu ún, irú àga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró títí ìkéde yóò fi kásẹ̀, kí ẹ sì fọ rọ́bà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ fi ìwé kan kọ́ sára àga kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́, ẹni tó kún ìgò, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ fífọ̀ alágbára, èsì àyẹ̀wò, ohun tí a ṣe sí i, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹnì kan pàtó ni kí iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kejì tó mọ̀ ọ́n ṣe fún ọjọ́ tí kò bá wá. Iṣẹ́ tí a ní kí gbogbo ayé máa ṣe, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é.

Bí owó ò bá tíì tó fún ohun gbogbo, bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, láìtíì fi oògùn sí i, àti omi dírípù fún iṣẹ́ abẹ, torí owó tí wọ́n máa gbà kéré. Lóṣù yìí, ẹ wá ìwé àga, kí ẹ sì gba omi fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kí ẹ tó fi oògùn kankan sí i, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èsì yẹn ni kí ẹ ra oògùn, nítorí dókítà tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí iye kòkòrò inú àga rẹ̀ kì í jiyàn owó oògùn mọ́.